Òrùka Idẹ àbí Kókó Òwú: Yíyan Ojú Ìkọ́fà àti Gbígbé e Sípò Lára Ọsán Ọrun

Bí tafàtafà bá ń fi ìdí ọfà kọ́ ọsán níbi tí ó yàtọ̀ síra ní gbogbo ìgbà, kò sí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe lè dúró ṣinṣin tó tí àwọn ọfà rẹ̀ yóò fi máa balẹ̀ sí ojú kan náà. Ọfà tí a fi mìlímítà 3 péré gbé ga ju ti ìṣáájú lọ lára ọsán yóò gba ọ̀nà mìíràn jáde kúrò lára ọrun, ìyàtọ̀ náà yóò sì ti hàn kí ó tó dé ibi tí a fojú sùn. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe ohun kan tí ó yọ jáde sí àárín ọsán, tí ìka lè bà láìwò, tí ìdí ọfà sì lè fara tì. Ibẹ̀ ni mo ń pè ní ojú ìkọ́fà.

Ẹni tí ó bá ra ọrun onígi ní ìlú òyìnbó, yálà ọrun gígùn ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tàbí èyí tí orí rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síwájú, yóò bá ọ̀kan nínú ohun méjì pàdé níbẹ̀: òrùka idẹ kékeré tí wọ́n fún mọ́ ọsán, tàbí kókó òwú tí wọ́n so yí i ká. Àwọn kan kì í fi ohunkóhun síbẹ̀ rárá. Kí n tètè sọ èrò mi: kókó òwú ni mo fọwọ́ sí fún ọrun ìbílẹ̀, àyàfi ọrun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pín lò. Ṣùgbọ́n gíga tí a gbé e sí ṣe pàtàkì ju ohun tí a fi ṣe é lọ. Òrùka idẹ tí ó wà níbi tí ó yẹ sàn ju kókó tí a so dáradára síbi tí kò yẹ.

Ohun tí ó ní láti ṣáájú

Kí ẹ tó ronú kan òrùka tàbí kókó, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọsán fúnra rẹ̀ wà bí yóò ṣe wà. Nígbà tí a bá ti fi ọsán de ọrun, àlàfo tí ó wà láàrin ọsán àti ibi ìdìmú ni ohun àkọ́kọ́ tí a ń wọ̀n. Lára ọrun gígùn ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àlàfo yìí sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 6 sí 7, èyí tí àwọn ará àtijọ́ ń fi ìkúùkù tí a na àtàǹpàkò rẹ̀ sókè wọ̀n. Lára ọrun tí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó sábà máa ń wà láàrin íǹṣì 7½ sí 8½. A ń lọ́ ọsán sí i kí àlàfo náà lè pọ̀, a sì ń tú u díẹ̀ kí ó lè dín kù. Gbogbo ìgbà tí a bá ti lọ́ ọ ni ojú ìkọ́fà ń ṣípò, nítorí náà ẹni tí ó bá so kókó kí ó tó yanjú ọ̀rọ̀ àlàfo yóò tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ohun kejì ni òwú tí a wé mọ́ àárín ọsán. Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe: kì í jẹ́ kí ìka àti ọfà fi ọsán gbó, ó sì ń fún ọsán ní sísanra tí ẹnu ìdí ọfà, ìyẹn ojú tí a gé sí ìdí rẹ̀ kí ọsán lè wọ̀ ọ́, yóò fi dì í mú. Bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ọfà yóò máa já bọ́. Bí ó bá nípọn jù, ọfà yóò lẹ̀ mọ́ ọn nígbà tí ó yẹ kí ó kúrò. Ọ̀nà tí a fi ń dán an wò rọrùn. Ẹ dá ọrun dùbúlẹ̀ kí ọsán rẹ̀ kọjú sílẹ̀, ẹ fi ọfà kan kọ́ ọsán, kí ọfà náà sì máa fì sísàlẹ̀ láìsí ọwọ́ tí ó dì í mú. Ó yẹ kí ó dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orí ìka kan ta ọsán pẹ́pẹ́ níbi tí ó tó íǹṣì kan sí ọfà. Ó yẹ kí ó já bọ́. Bí kò bá dúró rárá, ẹ fi òwú tí ó nípọn jù bẹ́ẹ̀ tún àárín wé. Bí ẹ bá ta á lẹ́ẹ̀mẹta tí kò sì já, ẹ wá èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Òwú tí a ń tà fún iṣẹ́ yìí sábà máa ń wà láàrin 0.018 sí 0.024 íǹṣì ní sísanra, ìyàtọ̀ kékeré yẹn sì tó láti yí gbogbo nǹkan padà.

Ẹ má fojú kéré ìdánwò yìí. Ọfà tí ó bá yọ kúrò lára ọsán nígbà tí a ti fà á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sọ ìtafà náà di títa ọrun lásán, gbogbo agbára tí ó yẹ kí ọfà gbé lọ yóò sì padà sínú igi. Òótọ́ ni pé bí ọsán bá já, ọrun dọ̀pá, ṣùgbọ́n ọrun tí a ta láìsí ọfà lè ṣẹ́ kí ọsán rẹ̀ tó ronú àtijá.

Òrùka idẹ

Òrùka yìí ní ẹnu sísí bíi lẹ́tà C, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà nínú rẹ̀ kí idẹ má bàa gé òwú. A ó fi bọ ọsán níbi tí a wọ̀n, a ó sì fi pílíásì tí ojú rẹ̀ rí róbótó fún un títí ẹnu rẹ̀ yóò fi pàdé. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Nítorí ìyára yìí ni àwọn ṣọ́ọ̀bù fi fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ìyára yìí náà sì ni ọ̀pọ̀ ọrun tuntun fi máa ń ti ṣọ́ọ̀bù dé pẹ̀lú rẹ̀.

Àǹfààní rẹ̀ tòótọ́ ni líle. Nínú ẹgbẹ́ tafàtafà níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba ọrun kan náà lọ́wọ́ ara wọn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í sì ṣọ́ra fún ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, òrùka idẹ yóò dúró níbi tí kókó òwú yóò ti máa tú. Ojú rí i kedere, nítorí náà ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ náà lónìí kò ní ṣi ibi tí yóò fi ọfà sí.

Àléébù rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó ń bí mi nínú jù ni pé kò ṣeé sún díẹ̀díẹ̀. Bí ìdánwò bá fi hàn pé ó yẹ kí ojú ìkọ́fà sọ̀kalẹ̀ ní mìlímítà kan, ẹ ní láti la ẹnu òrùka náà, kí ẹ mú un kúrò, kí ẹ tún un fún, òrùka tí a bá sì ti là lẹ́ẹ̀mejì kì í dì mọ́ dáradára mọ́. Ẹni tí kò bá ní pílíásì rẹ̀, tí ó lo ti mẹkáníìkì, yóò fún un di bíi ẹyin, etí rẹ̀ méjèèjì kò ní pàdé déédéé, èyí tí ó yọ jáde yóò sì máa ha awọ ìka tàbí ìbọ̀wọ́ nígbà gbogbo tí a bá fa ọsán. Èyí hàn jù lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń fi ìka kan sókè ọfà, nítorí ẹ̀gbẹ́ òrùka gan-an ni ìka yẹn ń jókòó sí.

Àwọn kan tún ń sọ̀rọ̀ ìwúwo. Òótọ́ ni pé ohun tí ó wúwo ní àárín ọsán ń dín ìyára ọfà kù ju ohun tí ó wúwo bákan náà ní ìkángun ọsán lọ. Àmọ́ òrùka kan kò tó gíráàmù kan, n kò sì rò pé ẹni tí ó ń ta ọfà onígi ní ogún mítà yóò mọ ìyàtọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ idẹ, ẹ kọ̀ ọ́ nítorí ìka yín àti nítorí àìṣeésún rẹ̀.

Kókó òwú

Òwú kan náà tí a fi ń wé àárín ọsán ni a fi ń so kókó. Òwú náílọ́ọ̀nù yóò ṣe é, òwú òde òní tí wọ́n hun pọ̀ yóò ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí ó ń ta ọrun gígùn sì fẹ́ràn òwú ṣẹ́dà tàbí ti ọ̀gbọ̀ nítorí pé ó bá ọrun wọn mu lójú. Òwú onída tí a fi ń nu àárín eyín náà yóò ṣe é fún ìgbà díẹ̀: ó wà ní gbogbo ilé ìtajà oògùn, ìda ara rẹ̀ sì ń jẹ́ kí ó dì mọ́ ọsán, ṣùgbọ́n ó tètè ń gbó.

Bí a ṣe ń so ó nìyí. Ẹ gé òwú tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40, kí ẹ fi àárín rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọsán, kí ẹ sì mú etí rẹ̀ méjèèjì wá síwájú. Ẹ ta kókó kan ṣoṣo níwájú, irú èyí tí a kọ́kọ́ ń ta bí a bá fẹ́ so okùn bàtà, kí ẹ sì fà á le. Ẹ gbé etí méjèèjì padà sẹ́yìn, ẹ ta òmíràn níbẹ̀. Ẹ tún padà síwájú. Bí ẹ bá ti ń lọ síwájú tí ẹ ń lọ sẹ́yìn, tí ẹ sì ń jẹ́ kí kókó kọ̀ọ̀kan jókòó ti èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ láìgun orí rẹ̀, nǹkan bí 5 tàbí 6 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò di ìgbànú kékeré tí ó ga tó mìlímítà 4 tàbí 5. Ẹ fi kókó méjì tí ó dojú kọ ara wọn parí rẹ̀, kí ẹ sì gé etí òwú kù díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ náílọ́ọ̀nù, ẹ fi iná ìṣáná sún mọ́ etí yìí, kò gbọdọ̀ kan ọsán, yóò yọ́ yóò sì di ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tí kò lè yọ padà. Òwú ṣẹ́dà àti ti ọ̀gbọ̀ kì í yọ́, jíjó ni wọ́n ń jó. Ẹ̀kán gúlù kan ni tiwọn.

Ẹ má tíì kan gúlù o, kódà bí òwú náà bá jẹ́ ti ọ̀gbọ̀, títí ìdánwò yóò fi parí. Kókó tí kò ní gúlù lára yóò máa yí lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ lórí òwú àárín bí nọ́ọ̀tì ṣe ń yí lórí bóòtù, nítorí ipa òwú tí a wé ni ó ń tẹ̀ lé. Ẹ fi èékánná méjì dì í mú, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan, yóò sún ní ìwọ̀n sísanra òwú kan, ìyẹn nǹkan bí ìdajì mìlímítà. Kò sí òrùka idẹ tí ó lè ṣe èyí. Ohun tí ó mú kí n fọwọ́ sí kókó òwú nìyí, ju fífúyẹ́ rẹ̀ àti bí ó ṣe rọ̀ lábẹ́ ìka lọ.

Àléébù rẹ̀? Ó ń gba sùúrù, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ́ ọn yóò so èyí tí ó rọ̀ jù, bí ó bá sì rọ̀, yóò máa yí fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀. Ẹ máa fi rúlà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀kan tàbí méjì

Òfin World Archery, àjọ tí ó ń darí ìdíje ọfà títa lágbàáyé, fàyè gba àmì kan tàbí méjì lára ọsán láti fi mọ ibi tí ọfà yóò wà, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ní láti bẹ̀rù ìdíje nítorí èyí. Òkè ni ẹni tí ó ní ẹyọ kan ń fi í sí, tí ọfà ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tó fún ẹni tí ó ń fi ìka kan sókè ọfà àti méjì sísàlẹ̀, nítorí ìka àárín ń gbé ọfà ró láti ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó ń fi ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sísàlẹ̀ ọfà ni mo gbà níyànjú pé kí ó ní méjì. Ìdí ọfà rẹ̀ máa ń fẹ́ yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lára ọsán nígbà tí ó bá tú ìka sílẹ̀, kókó ìsàlẹ̀ ni yóò sì dá a dúró.

Ẹ̀yin tí ó ń ta ọfà tí wọ́n gé ẹnu ìdí rẹ̀ sínú igi fúnra rẹ̀, láìsí ike, ẹ gbé méjì yẹ̀ wò pẹ̀lú. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ kì í di ọsán mú ṣinṣin. Irú rẹ̀ ni ó wà lára àwọn ọfà tí wọ́n rí nínú ọkọ̀ ogun Mary Rose, tí ó rì sínú òkun lẹ́bàá Portsmouth ní 1545, tí wọ́n sì gbé jáde ní 1982: awẹ́ ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn oníṣọ̀nà fi há igi náà kí ọsán má bàa là á. Ìwo náà ń dáàbò bo igi, kì í di ọsán mú.

Bí ẹ bá ń so méjì, ẹ má ṣe há ọfà mọ́ àárín wọn. Nígbà tí a bá fa ọsán, ó ń tẹ̀ di igun, igun yìí sì ń fún àwọn kókó méjèèjì mọ́ ìdí ọfà. Ẹ fi àyè tí ó tó mìlímítà 1 sí 2 sílẹ̀. Lára ọrun kúkúrú, bí èyí tí ó jẹ́ íǹṣì 58, igun náà mú ju ti ọrun íǹṣì 68 lọ, àyè náà sì gbọ́dọ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i. Ọfà tí a há mọ́ ibẹ̀ yóò gbéra kúrò níbi tí ó jókòó sí kí a tó tú ọsán sílẹ̀, ẹni tí ó ń ta á yóò sì rò pé ọwọ́ òun ni ó ń gbọ̀n.

Èyí tí kò ní kókó

Ní Japan, ọsán ọrun gígùn wọn, tí ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 221 tí a sì ń dì mú ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta láti ìsàlẹ̀, kì í ní òrùka tàbí kókó. Wọ́n ń fi fọ́nrán ara ewéko igbó (hemp) àti gúlù wé ibi tí ọfà yóò wà, wọ́n á fi pátákó kékeré méjì yí i títí yóò fi le tí yóò sì dán, sísanra yẹn nìkan ni yóò di ìdí ọfà mú. Ó lẹ́wà, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n inú ìlànà títa ọfà tiwọn ni ó ti bọ́ sí i, níbi tí wọ́n ti ń fi ìbọ̀wọ́ onítàǹpàkò fa ọsán. Tafàtafà ọrun gígùn ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó kàn fi òwú aláwọ̀ sàmì sí ọsán rẹ̀, láìsí ohun tí ọfà fara tì, kò ní irú ìdìmú yẹn. Ojú rẹ̀ ni yóò máa gbẹ́kẹ̀ lé. N kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú bẹ́ẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́.

Gíga tí a ó gbé e sí

Ohun èlò tí a nílò ni rúlà ọrun, èyí tí ó rí bíi lẹ́tà T. A ó fi orí rẹ̀ kọ́ ọsán, a ó sì fi apá rẹ̀ gígùn lé ibi tí ọfà ń jókòó sí, kí ó lè jẹ́ igun gérégé pẹ̀lú ọsán. Gbogbo ìwọ̀n tí mo ń dárúkọ níhìn-ín jẹ́ láti ìlà yẹn sókè dé etí ìsàlẹ̀ kókó òkè.

Ẹni tí ó ń fi ìka kan sókè ọfà lè bẹ̀rẹ̀ ní mìlímítà 10 sí 13. Ẹni tí ó ń fi ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sísàlẹ̀ yẹ kí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, mìlímítà 16 sí 19. Ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí. Ọrun yín àti ìka yín ni yóò sọ òpin rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè kí ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó ń ta ọfà lórí ọwọ́ ara rẹ̀, láìsí pèpéle (ibi tí a ṣe sára ọrun kí ọfà lè jókòó sí), tún ní ìdí mìíràn láti pa òfin yìí mọ́: bí ojú ìkọ́fà bá rẹlẹ̀ jù, etí iwájú ìyẹ́ yóò máa gé e lọ́wọ́.

Ìdánwò tí mo fọkàn tán ni ti ọfà tí kò ní ìyẹ́. Ẹ dúró ní nǹkan bí mítà 15, ẹ ta ọfà mẹ́ta tí ó ní ìyẹ́, kí ẹ sì ta méjì tí a ti yọ ìyẹ́ wọn, gbogbo wọn ní ìwúwo kan náà. Ìyẹ́ ń tún àṣìṣe ṣe lójú ọ̀nà. Èyí tí kò ní in yóò sọ òtítọ́. Bí àwọn aláìníyẹ̀ẹ́ bá balẹ̀ sísàlẹ̀ àwọn yòókù, tí ìdí wọn sì nà sókè, ojú ìkọ́fà ga jù. Bí wọ́n bá balẹ̀ sókè, tí ìdí wọn sì tẹ̀ sísàlẹ̀, ó rẹlẹ̀ jù. Ti ọ̀tún àti òsì kò kan kókó; líle tàbí rírọ̀ igi ọfà ni ẹ ó wò níbẹ̀.

Ibì kan wà tí ìdánwò yìí máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí ojú ìkọ́fà bá rẹlẹ̀ gidigidi, ìdí ọfà yóò gbá pèpéle bí ó ti ń kọjá, yóò ta padà sókè, yóò sì balẹ̀ pẹ̀lú ìdí tí ó nà sókè, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ojú ìkọ́fà ga jù. Ẹni tí kò mọ̀ yóò tún sọ ọ́ kalẹ̀, yóò sì burú sí i. Ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Bí ẹ bá sì ti wà nínú ìdààmú náà, ẹ fetí sí ọrun: ìró gbígbá máa ń wà, awọ tàbí irun tí a lẹ̀ mọ́ pèpéle sì máa ń fá níbi tí ìdí ọfà ń gbà kọjá. Ẹ gbé kókó sókè ní mìlímítà 6 lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ó bá ti dúró

Ọsán tuntun tí a fi Dacron, irú òwú àtọwọ́dá kan, ṣe yóò nà ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, àlàfo yóò dín kù, a ó sì ní láti lọ́ ọ sí i. Ẹ fi rúlà wo ojú ìkọ́fà lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn èyí kí ẹ tó kan gúlù. Ẹ kọ gíga náà àti àlàfo náà sílẹ̀, nítorí ọjọ́ tí ọsán bá já, nọ́ńbà méjèèjì yìí ni ẹ ó fi ṣe òmíràn láìtún gbogbo ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ọsán òde òní tí kì í nà ń dín wàhálà yìí kù, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sórí ọrun àtijọ́ tí wọn kò fi ohun líle há orí rẹ̀, yóò gé igi náà wọlé.

Ẹni tí ó bá pààrọ̀ ọfà onígi tí ó jẹ́ mìlímítà 8.7 fún ti kábọ́ọ̀nù tí kò ju mìlímítà 6.5 lọ ti mú àárín ọfà sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí mìlímítà kan lórí pèpéle. Ẹni tí ó ní òrùka idẹ yóò wá pílíásì; ẹni tí ó ní kókó tí kò tíì kan gúlù yóò yí i lẹ́ẹ̀mejì sísàlẹ̀, yóò sì padà sórí ìlà ìtafà.